Àwọ̀ Tí Ojú Ìyá Ọkọ Rẹ Kò Gbà

Igando,
Ọjọ́ Ajé.

Tóyìn, Àṣàkẹ́ mi,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. N kò fa àwòrán pupa tó o gbé kọ́ sí pálọ̀ yín ya. N kò gbé e sọnù, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀mí òkùnkùn ń gbé inú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ kò pè mí, kò sì rán mi níṣẹ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yí i ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri fún bíi wákàtí méjì, mo sì tún un yí padà sí bí mo ṣe bá a. Aládùúgbò yín tó yọjú lójú fèrèsé rí ìdajì, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù. Bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, èmi ni kó o dì í rù. Má dì í ru obìnrin yẹn.

O ṣì ń bínú, mo mọ̀. Nígbà tí o pè mí lánàá, o ò tilẹ̀ kí mi. Ohun tó o kọ́kọ́ sọ ni pé, "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà ti bọ́ sẹ́yìn wọn ni?" Mo pariwo, ìwọ náà pariwo. Ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní fóònù kan kò lè gba alágídí méjì. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ojú tèmi àti tìẹ bá pàdé lọ́sẹ̀ yìí, ìjà ló máa jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ilé-ìwé abúlé ni mo lọ ní Èkìtì, olùkọ́ mẹ́ta fún kíláàsì mẹ́fà. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti dáhùn ìbéèrè nìyẹn: dìde, sọ ọ́, jókòó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ìyá Dàpọ̀ ọkọ rẹ fẹ́ padà sí Oǹdó lọ́jọ́ Ẹtì yìí. Ó ní kí n bá òun wá ọkọ̀. Kò tíì sọ fún Dàpọ̀, kò sì ní í sọ fún ọ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Oṣù mẹ́rin kò tíì pé tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé tó ń padà lọ bá. Bó bá lọ báyìí, Dàpọ̀ kò ní í sọ pé ìwọ lo lé ìyá òun, ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n á máa wò ọ́ bí ẹ bá ń jẹun, ìwọ náà á sì mọ ohun tó ń wò. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe tèmi, nítorí ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ wí, ó yẹ kó kọ́kọ́ tú àpò ara rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí a bí ọ. O rántí bí wọ́n ṣe máa ń bi wá ní Ìkọ̀tún bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Yàrá kan la gbà ní Ẹ̀gbẹ́dá, fèrèsé kan ló ní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni. Àwa akunlé ní àṣà kan tí gbogbo wa mọ̀: ìsàlẹ̀ garawa oníbàárà ló ń kun ilé wa. Bó o bá wọ ilé akunlé, o lè ka gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe lára ògiri rẹ̀. Lọ́dún yẹn, èmi àti ọ̀gá mi kun ilé oúnjẹ ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà, pupa fòò, ọ̀dà tó ń dán bíi ẹ̀yìn ṣíbí. Garawa kan àti ààbọ̀ ṣẹ́ kù. Mo gbé e wálé. Ọjọ́ kan ni mo fi kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún kun òkè àjà mọ́ ọn.

Àwọn ará ilé wá wò ó, wọ́n ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ ti di ọlọ́lá o!" Orí mi wú. Oṣù kan péré ni o jẹ́ láyé nígbà náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá rẹ kò jókòó nínú yàrá mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà tòun tìẹ, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Kò jẹun dáadáa. Ó máa ń sunkún, bí mo bá sì bi í pé kí ló ṣe é, á ní òun ò mọ̀. Ìwọ náà ò sùn. Mo bínú. Mo ní ṣé mo ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí kí ìyàwó mi lè máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà bíi ẹni tí wọ́n lé jáde? Ìyá rẹ sọ gbólóhùn kan péré. Ó ní, "Ó ń gbóná."

Mo ní, "Kí ló ń gbóná?"

"Yàrá yẹn. Ògiri yẹn."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé iná ni mo fi kùn ún ni?"

Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, wọ́n sì gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìyá rẹ bá lọ pọn omi, wọ́n á ní, "Ìyá Tóyìn, ṣé ògiri ti tutù lónìí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ yọjú wo ìwé yìí látẹ̀yìn mi báyìí, ó ní òun kò gbàgbé. Mo ní mo mọ̀.

Ọ̀gá mi, Alàgbà Làmídì, wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan. Kò jókòó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó fi gbé àga jáde. Ó ní, "Ìdòwú, ta ló ń ta oúnjẹ níbí?"

Mo ní, "Kò sí, sà."

Ó ní, "O mọ ìdí tí onílé oúnjẹ yẹn fi ní ká kùn ún ní pupa? Kí ènìyàn lè yára jẹun, kó sì yára dìde. Ìyàwó rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, níbo ló máa dìde lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n agídí kò jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan sí i. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, àwọn ènìyàn sì yìn ín. Ibà ló tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ nínú yàrá yẹn lójú ọ̀sán. Bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, pupa á ta lára ògiri kan sí èkejì, á ta sára aṣọ, á ta sára ọwọ́ mi gan-an. Mo di ojú, mo ṣì ń rí i. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ ibi tí ìyá rẹ ti ń gbé. Ara mi kò tíì yá tán tí mo fi po funfun mọ́ yẹ́lò díẹ̀, títí ó fi dà bí inú àgbàdo tútù. Pupa kì í gbà ká bo òun lẹ́ẹ̀kan, Tóyìn. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó yọ. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì ń pọ́n lábẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà. Nígbà tó gbẹ, ìyá rẹ gbé ọ wọlé, ó dùbúlẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì sùn. N kò ní ògiri nìkan ló wò ó sàn. Ó ṣì ṣe díẹ̀ kára rẹ̀ tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ní ibi tó lè dùbúlẹ̀ sí.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn: bí ẹni tó ń bá ọ gbé bá ní àwọ̀ kan kò bá òun lára mu, má dáhùn. Béèrè. Mo dáhùn nígbà tó yẹ kí n béèrè, oṣù méjì ló ná ìyá rẹ.

Èkejì: má rò pé pupa nìkan ló lẹ́jọ́ o. Lẹ́yìn ìyẹn, mo di ẹni tó ń wàásù funfun kiri. Ọdún tí iṣẹ́ kọ́kọ́ dáa, mo gbé garawa funfun méjì lọ sí abúlé fún ìyá mi àgbà. Ògiri amọ̀ ni yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, òun àti àwọn obìnrin ilé máa ń gún ewé mọ́ èédú, wọ́n á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ mọ́ ògiri títí á fi dúdú, tí á máa dán bíi ẹ̀yìn ìkòkò. Inú òkùnkùn tútù yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi, n kò sì tíì rí ibi tí oorun ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dé Èkó, mo ti gbọ́n. Mo ní dúdú ń mú ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì. Màmá àgbà lọ oko, kó sì tó dé, mo ti kùn ún tán. Ó wò ó yíká, ó gbàdúrà fún mi, ó ní, "Ọmọ mi, ó mọ́ bíi ilé dókítà." Ó wá ká ẹní rẹ̀, ó lọ ń sùn ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Bí mo bá jí nínú ẹ̀, n kì í mọ ibi tí mo wà."

Ṣé o rí i? Lákọ̀ọ́kọ́, àwọ̀ gbóná ni mo fi lé ìyàwó mi síta. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọ̀ tó mọ́ ni mo fi lé ìyá mi àgbà. Àṣìṣe kan náà ni. Ohun tí ojú ẹnì kan ti rí kọ́ ni ojú ẹlòmíràn rí. O kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ju èmi lọ, o mọ orúkọ àwọn àwọ̀ tí n kò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n n kò rò pé wọ́n kọ́ yín ní èyí: àwòrán tí à ń wò kọjá yàtọ̀ sí àwòrán tí à ń bá gbé. Níbi tí ẹ ti pàtẹ rẹ̀ nílé-ìwé yín, ènìyàn á dúró, á ní "Ẹn-ẹ́n!", á sì kọjá lọ. Ní pálọ̀ yín ní Egan, ó dojú kọ àga kan ṣoṣo tí ẹni tó wà nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè jókòó sí. Ìwọ àti Dàpọ̀ kì í sí nílé. Ta ló ń bá a gbé?

Mo wá dé ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Mo wá wo ògiri ilé ìdáná yín tó ń sun omi. Ẹ̀yin méjèèjì ti lọ síbi iṣẹ́. Mo bá Ìyá Dàpọ̀ lẹ́yìnkùlé, lórí garawa tó dojú dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde. Àwo oúnjẹ wà lórí itan rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe níbí? Pálọ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ibí dáa, Bàbá Tóyìn."

"Afẹ́fẹ́ wo? Òórùn gọ́tà lẹ ń fi jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Èkìtì! Ẹ kì í fi nǹkan kan bo ọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin ará Oǹdó sì rèé, ẹ máa ń bò ó títí á fi kú sábẹ́ aṣọ."

Mo fẹ́ kó tún rẹ́rìn-ín ni. Ṣe ló gbé àwo sílẹ̀. Mo rí i pé mo ti ṣi ẹnu sọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo ti ṣì í. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní àwòrán náà dára. Kó o gbọ́ èyí dáadáa, ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní àmọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé Bàbá Dàpọ̀ lọ sílé ìwòsàn, òtútù ń mú un nínú ọkọ̀, òun sì fi aṣọ ìbora òun bò ó. Pupa ni, onílà dúdú. "Nígbà tí a débẹ̀," ó ní, "ojú ni wọ́n fà á bò. Wọn ò ká a kúrò mọ́."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Tóyìn?"

"Ilé tuntun ni, Bàbá Tóyìn. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ilé rẹ̀ ni. Ṣé èmi ni kí n gbé òkú wọ̀ ọ́? Mo kàn sọ fún un pé ó gbóná díẹ̀. Mo rò pé á yé e."

"Kí ló ní?"

Kò fi ìkanra sọ ọ́. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ní, 'Màámi, ṣé iná ni mo fi yà á ni?'"

Tóyìn, n kò lè gbé orí sókè. Ta ló kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn? O ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu mi, ọmọ oṣù kan ni ọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. N kò tiẹ̀ lè bá ọ wí. Mo kàn dìde, mo wọlé, mo yí àwòrán náà. Mo ní, "Ìyá, ẹ máa bọ̀." Ó wọlé, ó jẹun tán lórí àga gígùn, ó sì sùn lọ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rọra ṣe iṣẹ́ mi kí n má bàa jí i. Nígbà tó jí, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè yí i padà kí ìyàwó mi tó dé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ bá a bẹ́ẹ̀." Ẹni tó o ní ó ń bá ọ jà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun kò fẹ́ di ẹni tí ẹ ó máa torí rẹ̀ yí ilé yín padà.

Ó ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ aṣọ ìbora yẹn fún ọ. Mo ń sọ ọ́. Ó lè bínú sí mi, ara mi á gbà á. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá ti mọ̀, tó sì dákẹ́, ti di ọ̀dàlẹ̀.

Ohun kan tún wà tó o sọ lórí fóònù tó ń gbé mi lọ́kàn. O ní, "Mo ti kà wọ́n, Dádì. Nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó dúró tì mí." Àṣàkẹ́ mi, èmi náà ti kà rí. Nígbà tí nǹkan le ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo ka àwọn tó dúró tì mí: ọ̀gá mi, ọ̀kan, àbúrò mi tó ń gbé ìrẹsì wá láti Òkè-Odò, méjì, pásítọ̀ wa, mẹ́ta. Ìyá onílé wa kò sí nínú wọn, nítorí n kò rí i kó fi ẹsẹ̀ kan ìloro wa rí. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń kọjá lára rẹ̀ láìkí i dáadáa. Ọdún tó kọjá ni ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé lójoojúmọ́, bí mo bá ti jáde, obìnrin yẹn á wá pọ̀n ọ́, á mú ìyá rẹ lọ sábẹ́ ìbòòji tirẹ̀ lẹ́yìn ilé, á sì fún un ní ẹ̀kọ mu. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ìyá rẹ ní, "O ò béèrè. O ti kà wọ́n tán." Obìnrin náà ti kú, n kò lè lọ dúpẹ́ mọ́. Mo fi kíkà sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ojú tó ń ka ènìyàn kì í rí gbogbo wọn.

Kí ni kó o ṣe? Má fi ìbínú sọ àwòrán yẹn kalẹ̀, má sì tìtorí mi gbé e pamọ́. Mo mọ ohun tó jẹ́ fún ọ. Èmi ni mo di àga mú nígbà tó o ń gun òkè lọ wo òrùlé páànù Igando tó ti dípẹtà, tó o yà sínú rẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi rí ọ̀dà lábẹ́ èékánná rẹ bíi ti ara mi, inú mi sì ń dùn. Inú mi ṣì ń dùn. Iṣẹ́ tó dára ni. Ibi tó wà ni kò dára. Gbé e lọ sí yàrá tó o ti ń ṣiṣẹ́, kó máa dojú kọ ìwọ tó yà á. Pupa yẹn á máa ta ọ́ jí láàárọ̀, ìwọ lo nílò rẹ̀.

Má sì gbé nǹkan kan rọ́pò rẹ̀ ní pálọ̀ láìbi í, kódà bó jẹ́ èyí tó tutù jù lọ láyé. Rántí ìyá mi àgbà àti funfun mi. Jókòó tì í. Sọ fún un pé mo ti tú àṣírí rẹ̀. Má díbọ́n pé ìwọ lo ronú kàn án, o ò mọ irọ́ pa, èmi lo fi jọ. Kí o wá ní kó sọ nípa Bàbá Dàpọ̀ fún ọ: irú aṣọ tó fẹ́ràn, àwọ̀ tí ẹnu ọ̀nà ilé wọn jẹ́, ohun tó wà lójú fèrèsé níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Bó bá sunkún, jẹ́ kó sun ún ní pálọ̀. Kí ni a ń fi pálọ̀ ṣe? Bó bá sì sọ àwọ̀ kan tí ojú ìwọ náà kò gbà, sọ fún un, kí ẹ jọ jiyàn rẹ̀. N kò ní kó o di ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé rẹ. N kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Dàpọ̀ ló máa mú ìwé yìí wá fún ọ. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa, n kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Ìwọ ni kó o sọ fún un.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, màá wà lẹ́nu géètì yín pẹ̀lú ọkọ̀. Mo ti ṣèlérí fún un, n kì í sì í yẹ àdéhùn. Bí mo bá bá a tó ti we gèlè, tí báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, màá gbé báàgì náà, màá sìn ín dé Oǹdó, màá bá a ṣílẹ̀kùn ilé yẹn, màá sì gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí n tó kúrò níbẹ̀. N kò ní í bá ọ jà. Bó bá sì jẹ́ pé ohùn ẹ̀yin méjèèjì ni mo gbọ́ láti ìta, tí ẹ ń bá ara yín jiyàn nípa àwọ̀, n kò ní í kan ilẹ̀kùn. Màá kàn sọ fún awakọ̀ kó máa lọ.

Bàbá rẹ tó bí ọ ní kékeré, tí ẹ sì jọ ń dàgbà,
Ìdòwú.